Ẹṣin ní abẹ́rẹ́, ẹni tó gùn ún kò ní: Ọ̀rọ̀ lórí ọjà oògùn àrùn ọpọlọ tí ẹ̀fọn ń fà ní Amẹ́ríkà

 

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, Alhaja kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún nínú ẹgbẹ́ Àsàláátù dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó ní, "Dókítà mi, dúró, ọ̀rọ̀ wà." Dókítà ni wọ́n máa ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apòògùn ni mí. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ti pè é pé ìlú kan nítòsí wọn ti àwọn pápá ìṣeré pa láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀ nítorí ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn náà ń gbé kòkòrò kan tó ń wọ ọpọlọ lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà níbẹ̀.

Ìpè yẹn nìkan kọ́ ló kó ìdààmú bá Màmá. Ẹnì kan ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà ìtọ́jú àrùn yìí ń gbòòrò, pé owó ńlá ni yóò máa wọlé níbẹ̀ ní ọdún mélòó kan sí i. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹlòmíràn ti kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, kí ẹni tó bá fẹ́ san àsansílẹ̀ kí wọ́n lè bá a gbé e wá. Alhaja ti kó àjọ rẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ fi rán ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bá mi wò ó bóyá ojúlówó ni."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú owó yín dání. Kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Oògùn tó ń wo àrùn yìí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ní Èkó, kò sì sí ní Boston."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọjà wo ló wá ń gbòòrò? Ṣé ọjà a máa wà tí kò sí ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni?"

Ìbéèrè Màmá dára ju ìdáhùn tí mo fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn lọ. Èyí tí mo kọ sínú ìwé ìròyìn wa lónìí ni ìdáhùn tó yẹ kí n ti fún un.

Àrùn wo nìyí?

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é ni Eastern equine encephalitis. EEE ni ìgékúrú rẹ̀. Lédè wa, a lè pè é ní àrùn amọ́pọlọ-wú tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára ẹṣin ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1831, àjàkálẹ̀ kan pa ẹṣin bíi 75 ní Massachusetts, àwọn ènìyàn ìgbà náà kò sì mọ ohun tó pa wọ́n. Ní ọdún 1933 ni wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà gan-an nínú ọpọlọ ẹṣin tó kú. Ní ọdún 1938 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣe ènìyàn náà, nígbà tó mú àwọn ọmọdé ní agbègbè Massachusetts.

Inú irà tí igi ńláńlá wà ni fáírọ́ọ̀sì yìí fi ṣe ilé. Ẹyẹ àti ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń pè ní Culiseta melanura ni wọ́n ń gbé e fún ara wọn níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ ni ẹ̀fọn yẹn fẹ́ràn, kì í sábà wá ènìyàn kiri. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni àwọn ẹ̀fọn mìíràn tí kì í ṣàṣàyàn, tí wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ lónìí, tí wọ́n sì ń mu ti ènìyàn àti ti ẹṣin lọ́la. Àwọn wọ̀nyí ló ń gbé e jáde nínú irà wá sí ilé wa. Ẹni tó ní in kò lè kó o ran ẹlòmíràn, ẹṣin náà kò sì lè kó o ran ènìyàn.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí kòkòrò náà wọ ara rẹ̀ ni kò ní mọ̀ rárá. Nínú 100 ẹni tó wọ ara wọn, bíi 4 tàbí 5 ni àìsàn ọpọlọ yóò mú. Láàárín ọjọ́ 4 sí 10 lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹ wọ́n, ibà líle yóò bẹ̀rẹ̀, orí fífọ́, èébì, lẹ́yìn náà gìrì, iyè ríra, àti oorun tí a kò lè jí ènìyàn nínú rẹ̀. Nínú 10 tó bá dé ipò yìí, bíi 3 ló ń kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ni ọpọlọ wọn kì í padà sípò tó wà tẹ́lẹ̀: ẹlòmíràn kò ní lè rìn dáadáa mọ́, ẹlòmíràn kò ní lè sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 àti àgbàlagbà tó ti lé ní ọdún 50 ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù.

Àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, tí ènìyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 330, iye tó ń mú lọ́dún kan kò ju bíi 11 lọ, tí a bá pín in dọ́gba láàárín ọdún. Ọdún 2019 ló burú, ó mú ènìyàn 38. Ní ọdún 2024 tí mò ń sọ yìí, ẹnì kan kú ní New Hampshire, ìlú Plymouth ní Massachusetts ti pápá ìṣeré rẹ̀ pa lálaalẹ́, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn ẹ̀fọn ní agbègbè náà.

Ẹṣin ní, ènìyàn kò ní

Nígbà tí mo sọ fún Alhaja pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yìí wà, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí mo fi kún un pé ti ẹṣin ni, ó pariwo pé, "Ẹṣin kẹ̀!"

Òótọ́ ni. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn tó ń sin ẹṣin ní Amẹ́ríkà ti ń gún ẹṣin wọn ní abẹ́rẹ́ yìí lọ́dọọdún. Kò sì sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí kí a tà fún ẹni tó gun ẹṣin náà. Abẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan kòkòrò náà nínú ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọn kì í tà á fún aráàlú.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ẹṣin ju ènìyàn lọ. Ọ̀rọ̀ òwò ni. Olówó ẹṣin mọ̀ pé bí ẹṣin òun bá kú, owó òun ló kú. Ọdọọdún ló ń ra abẹ́rẹ́, àwọn bíi tirẹ̀ sì pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é mọ iye tí yóò tà lọ́dún tó ń bọ̀. Ti ènìyàn ńkọ́? Ẹni 11 nínú mílíọ̀nù 330. Ta ni ká gún? Ta ni yóò sanwó rẹ̀? Ibi tí ìṣirò náà ti dá dúró nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ronú àtigún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ẹṣin o. Wọn kò dán an wò lára ènìyàn, ó sì lè pa ènìyàn lára.

Kí ló dé tí oògùn rẹ̀ fi ṣòro ṣe?

Ẹni tó bá ń ṣe òwò oògùn yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: aláìsàn mélòó ló wà, èló ni wọ́n lè san, èló ni yóò ná mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Fún EEE, ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dára. Iye aláìsàn nìkan sì kọ́ ni ìṣòro.

Èkínní ni ìdánwò. Kí a tó fọwọ́ sí oògùn kan, a ní láti fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, kí a fi wọ́n wé àwọn tí a kò fún. Níbo ni a ó ti rí wọn? Ọ̀kan lè wà ní Massachusetts, ọ̀kan ní Michigan, ọ̀kan ní Florida. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè má sí ẹyọ kan ní ibi tí àwọn dókítà ti ń dúró.

Èkejì ni àsìkò. Ibà àti orí fífọ́ ni àìsàn yìí fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹgbẹ̀rún àìsàn mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò, tí èsì bá fi máa jáde, kòkòrò náà ti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ nínú ọpọlọ. Oògùn tó dé lẹ́yìn tí ilé ti jóná, kí ni yóò pa?

Ẹ̀kẹta ni odi ọpọlọ. Ọlọ́hun Ọba fi odi kan yí ọpọlọ wa ká, tí kì í jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọ ibẹ̀. Àánú ńlá ni. Ṣùgbọ́n odi kan náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn wọlé nígbà tí a bá fẹ́ kí wọ́n wọlé.

Ẹ̀kẹrin ni pé ìjọba Amẹ́ríkà ka fáírọ́ọ̀sì yìí mọ́ àwọn kòkòrò tí ọ̀tá lè fi jagun. Ìwọ̀nba ilé àyẹ̀wò tí ààbò rẹ̀ le koko ni wọ́n gbà láàyè láti fọwọ́ kàn án. Èyí ń dín àwọn oníwàádìí kù, ṣùgbọ́n òun náà ló ń jẹ́ kí owó ìjọba wá, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ní báyìí, ohun tí ilé ìwòsàn ń ṣe ni láti gbé ara aláìsàn ró: ẹ̀rọ tó ń bá a mí, oògùn gìrì, oògùn tó ń mú kí ọpọlọ tó wú fà sẹ́yìn, omi, oúnjẹ, àti nọ́ọ̀sì tí kì í sùn. Àwọn oògùn apakòkòrò tí a máa ń rà bíi góbà, àwọn kápúsù oníhòrò méjì àwọ̀, kò ràn án rárá, nítorí fáírọ́ọ̀sì ni.

Kí wá ni wọ́n ń pè ní ọjà?

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa kọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ọjà oògùn, kí wọ́n sì ta ìwé náà fún àwọn oníṣòwò ní owó gọbọi. Nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá sọ pé "ọjà ìtọ́jú" EEE, kì í ṣe oògùn tó wo àrùn náà ni wọ́n ń kà. Bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ amúnimí, oògùn gìrì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti owó ìwádìí ni wọ́n kó jọ. Ó dà bí ẹni tó ka owó igi ìdáná, owó ìkòkò àti owó àwo, tó wá ní ọjà ọbẹ̀ ń gbòòrò. Ẹran kò tíì wọ ìkòkò.

N kò sọ pé irọ́ ni ìwé wọn o. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n kọ ọ́ fún mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbólóhùn kan bá já kúrò nínú rẹ̀, tó bọ́ sórí fóònù ìyá arúgbó tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ohun mìíràn ló ń dà. Oníjìbìtì a sì máa dúró nídìí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìgbàkúùgbà tí ẹ bá gbọ́ pé oògùn tuntun kan ti dé, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí lorúkọ oògùn náà gan-an? Àjọ wo ló fọwọ́ sí i: FDA ní Amẹ́ríkà, tàbí NAFDAC lọ́dọ̀ wa? Ilé oògùn wo, tó ní àdírẹ́sì àti apòògùn, ló ń tà á? Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣófo, ẹ mú owó yín dání.

Ibo ni ìrètí wà?

Ànábì wa Muhammad (ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá a) kọ́ wa pé kí á máa wá ìwòsàn, kí á má ṣe sọ ìrètí nù. Ìrètí wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ojú òótọ́ wò ó.

Ní ọdún 1983, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan fún àwọn àrùn tó jẹ́ ọmọ òrukàn, ìyẹn àwọn tí aláìsàn wọn kò tó 200,000 ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá ṣe oògùn fún irú àrùn bẹ́ẹ̀, òun nìkan ni yóò máa tà á fún un fún ọdún 7, wọ́n sì máa dín owó orí rẹ̀ kù. Àwọn ará Yúróòpù ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2000, wọ́n sọ ọ́ di ọdún 10. Òfin yìí ti mú kí oògùn wà fún ọ̀pọ̀ àìsàn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti kọsẹ̀ lọ́dọ̀ EEE. Àìsàn tó jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ ènìyàn ni, olúwarẹ̀ yóò máa ra oògùn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. EEE kì í pẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó sì parí. Kò sí oníbàárà tí yóò padà wá.

Ọ̀nà kejì ni òfin tí FDA gbé jáde ní ọdún 2002. Ó sọ pé níbi tí a kò ti lè dán oògùn wò lára ènìyàn láìṣe ibi, a lè fi ẹ̀rí tó dájú láti ara ẹranko fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí a bá ti rí i pé kò pa ènìyàn lára. Ọ̀nà yìí ló bá EEE mu jù. Àwọn oníwàádìí sì ti ṣe àwọn èròjà ajàfára kan tó gba eku lọ́wọ́ kòkòrò náà. Láti ara eku dé ara ọmọ Ádámọ̀, ọ̀nà jìn.

Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, ṣe ọ̀kan tó fẹ́ dènà EEE àti àwọn ìbátan rẹ̀ méjì pọ̀. Wọ́n ti gún àwọn ènìyàn tí ara wọn le ní ìpele àkọ́kọ́, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2022. Ìpele mẹ́ta ni oògùn sábà máa ń gbà kọjá kó tó dé ọjà.

Èrò tèmi gẹ́gẹ́ bí apòògùn nìyí: bí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ EEE bá dé lọ́jọ́ kan, ìjọba ni yóò kọ́kọ́ rà á, kì í ṣe ìdílé. Ìjọba yóò rà á pamọ́ nítorí ogun àti fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú ewu. Aráàlú yóò wá jẹ nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró dè é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wo àwọn ará Éṣíà. Wọ́n ní àrùn kan tó jọ èyí, tí ẹ̀fọn ń gbé, tó ń wọ ọpọlọ lọ: Japanese encephalitis. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló ń mú lọ́dọọdún, orílẹ̀-èdè bíi 24 ló sì wà nínú ewu rẹ̀. Títí di òní, oògùn tó ń wò ó kò sí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n rí. Èyí tí àwọn ará Ṣáínà ṣe, tí àjọ WHO fọwọ́ sí ní ọdún 2013, kò wọ́n, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là. Nípa àrùn ọpọlọ tí ẹ̀fọn ń gbé, ìdènà ló ń kọ́kọ́ dé.

Nígbà tí ọjà bá kọ̀, àwùjọ ńkọ́?

Ọjà kì í ṣe Ọlọ́hun. Ohun tí ọjà kọ̀, àwùjọ lè ṣe é. Àwa ará Áfíríkà rí i pẹ̀lú ojú wa. Àrùn yírùnyírùn ti pa àwọn ọmọ wa láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Etiópíà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò sì rí èrè níbẹ̀. Àwọn kan kó owó jọ láìwá èrè, wọ́n bá ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ṣe àdéhùn pé abẹ́rẹ́ kan kò gbọdọ̀ tó 50 sẹ́ǹtì owó Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún MenAfriVac ní Burkina Faso. Irú yírùnyírùn tó dènà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní àwọn ibi tó dé.

Àwa Mùsùlùmí mọ irú nǹkan yìí. Wákáfù ni a ń pè é nígbà tí ènìyàn bá ya dúkìá sọ́tọ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn nítorí Ọlọ́hun. Ilé ìwòsàn ni wọ́n fi wákáfù gbé ró ní Damásíkù àti Káírò láyé àtijọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn, ẹ̀yin olówó wa tí ẹ ń kọ́ mọ́sálásí kejì sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà, ẹ rántí pé ìwádìí oògùn náà lè jẹ́ sàdákà tí kì í tán.

Ohun tí ẹ ó sọ fún àwọn ọmọ yín tó wà níbẹ̀

Láti ìparí oṣù keje títí di ìgbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bá bọ́ ni ewu EEE pọ̀ jù ní apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àwọn ẹ̀fọn náà ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ̀yin náà ẹ rí i: àsìkò Mọ̀gàríbì, Ìṣáì àti Àsùbáà nìyẹn. Èyí kò sọ pé kí wọ́n pa ìrun jáàmù tì. Kí wọ́n wọ aṣọ gígùn tó bo apá àti ẹsẹ̀, èyí tó jẹ́ àṣà wa tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn sí ibi tí aṣọ kò bò.

Kí wọ́n ra ìpara tó ní DEET tàbí picaridin nínú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, ẹ má fi DEET sí i lára, ẹ fi àwọ̀n bo ibùsùn rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ má fi òróró ewé lemon eucalyptus sí i lára. Ẹ má fi ìpara sí ọmọdé lọ́wọ́, nítorí yóò fi nu ojú àti ẹnu. Permethrin, aṣọ ni a ń fi í sí, kì í ṣe ara.

Ẹnì kan bi mí nípa àlùwàlá. Ohun tó rọrùn ni pé kí a kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá, kí a wá fi ìpara sí ara lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá tún ṣe àlùwàlá mìíràn, kí a tún un fi. Bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú, ẹ bi Àáfáà yín.

Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì gan-an. Bí ọmọ tàbí àgbà bá wá sí Nàìjíríà fún ìsinmi, tó sì padà sí Amẹ́ríkà, tí ibà àti orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀ pé Nàìjíríà ni òun ti ń bọ̀. Ibà ẹ̀fọn ti ọ̀dọ̀ wa ló ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ju EEE lọ, oògùn tirẹ̀ sì wà. Àwọn dókítà ibẹ̀ kì í rí i lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí òkèèrè kò ní okun tí ara wa ní sí ibà yìí, nítorí náà kí wọ́n gba oògùn ìdènà lọ́wọ́ dókítà wọn kí wọ́n tó wọ bàálù.

Àwa tí a wà nílé

Ọlọ́hun fi ẹ̀fọn ṣe àkàwé nínú Suratul-Baqarah. Kékeré kọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. EEE kò sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn wa ń pa ènìyàn ju ti Amẹ́ríkà lọ fíìfíì. Nínú ìṣirò àjọ WHO ti ọdún 2022, ibà pa ènìyàn bíi 608,000 ní gbogbo àgbáyé, nínú 100 wọn, bíi 31 jẹ́ ará Nàìjíríà. Ibà yìí náà ń gun orí, ó ń wọ ọpọlọ, ó ń fa gìrì. Òun ní oògùn: abẹ́rẹ́ artesunate wà ní ilé ìwòsàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí a bá tètè dé. Bí ọmọ bá ní ibà tí gìrì sì mú un, ẹ má fi àgbo dá a dúró, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìmọ́tótó mọ́sálásí wa ńkọ́? Mo ti rí bútà àlùwàlá tí omi ọjọ́ mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tí ìdin ẹ̀fọn ń fò nínú rẹ̀. Mo ti rí dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí lẹ́yìn mọ́sálásí wa. Ọjọ́ 7 sí 10 ni ẹyin ẹ̀fọn ń gbà kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a da omi gbogbo bútà nù, kí a fọ̀ wọ́n, kí a dojú wọn kọ ilẹ̀. Kí a dé dúrọ́ọ̀mù. Kí a kó táyà àti agolo kúrò lẹ́yìn ilé. Kí a sì sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ má fi ṣe ọgbà ẹ̀fọ́ tàbí àwọ̀n ẹja.

Alhaja wa gba owó àjọ rẹ̀ padà sínú àpò rẹ̀. Nínú rẹ̀, ó fún ọmọ rẹ̀ ní ìwọ̀nba tó fi ra ìpara ẹ̀fọn àti àwọ̀n fèrèsé fún yàrá ọmọ náà. Lọ́jọ́ Àsàláátù tó tẹ̀lé e, ó dìde láàárín àwọn obìnrin, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sọ lórí fóònù yẹn, kò sí o. Dókítà ní ẹṣin nìkan ló ní in." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́ta dìde, wọ́n lọ da omi bútà nù.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa nílé àti lẹ́yìn odi, kí Ó sì fún àwọn oníwàádìí ní òye tí yóò ṣe gbogbo ẹ̀dá ní àǹfààní. Àmín.

Maasalam.